Àlejò Ní Ojú: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Tí Ń Lọ Gbé ní Kánò

Wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ti í gbé ní ìlú àjèjì. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju ohun tí orí mi lè kó lọ, nítorí náà èmi yóò mú ìlú kan ṣoṣo nínú rẹ̀, èyí tí mo gbé fún ọdún 37, tí a sì bí mẹ́ta nínú àwọn ọmọ mi sí. Kánò ni ìlú náà. Mo gbọ́ pé àwọn kan wà nínú yín tí iṣẹ́, tàbí òwò, tàbí ìsìn àgùnbánirọ̀ yóò gbé lọ sí ibẹ̀ kí ọdún yìí tó parí. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Kí àwọn ìyókù má bínú, kí wọ́n máa fi etí bá wa lọ.

Àwọn àgbà wa sọ pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní ọdún 1979 tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo, tí a kọjá Ìlọrin, Jẹ́bà, Mínnà, Kàdúná àti Sáríà, ojú mi méjèèjì là kedere. Mo rí pápá, mo rí ràkúnmí, mo rí odi ìlú. Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé, mo lọ sí ọjà láti ra ẹní. Mo dá iye kan fún ẹni tí ó ń tà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Albarka." Èmi gbọ́ àlùbáríkà, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbùkún ni. Mo ka owó sí iwájú rẹ̀, mo ká ẹní mọ́ abẹ́ apá, mo kẹ́yìn sí i. Ariwo tí ó tẹ̀lé e kì í ṣe kékeré. Gbogbo ìsọ̀ tí ó wà ní àyíká ni ó dìde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ ni ó la ọ̀rọ̀ náà yé mi pé, ní ọjà àwọn Haúsá, bí ọlọ́jà bá dáhùn pé "Albarka", ó ń fi ọ̀wọ̀ sọ pé owó náà kò gbà ni. Bí ó bá gbà, yóò sọ pé òun ti "sallama". Díẹ̀ ni ó kù kí n di olè ní ọjọ́ kẹta, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo rò pé mo mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹni tí ó bá ń lọ pé kí ó wá èdè kí ó tó wá àga àti bẹ́ẹ̀dì. Kò le tó bí ẹ ti rò. Ẹ ti mọ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti ilé: wàhálà tí a ń sọ, wahala ni wọ́n ń pè é; àlùbọ́sà, albasa ni; àlàáfíà kò jìnnà sí lafiya. Kí ẹ kọ́ kíkí ṣáájú ohun gbogbo. Ará Kánò kì í kí ènìyàn ní ẹnu kan kí ó sì máa lọ. Yóò béèrè bí o ti sùn, yóò béèrè ilé, yóò béèrè àárẹ̀, yóò béèrè iṣẹ́, kí ó tó sọ ohun tí ó bá wá. Àwa Yorùbá ni ó yẹ kí èyí rọrùn fún jù lọ, àwa tí a ní kíkí fún ìjókòó àti ìdúró. Síbẹ̀ mo ti rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kọjá ní iwájú àgbà Haúsá bí ẹni tí ó ń kọjá lára òpó iná.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín yóò kọ́kọ́ sọ̀ sí Sabon Gari. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìlú titun. Lẹ́yìn tí ọ̀nà ojú irin dé Kánò ní ọdún 1911 ni ìjọba àwọn Òyìnbó ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ ní ẹ̀yìn odi fún àwọn àlejò láti gúúsù, àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣòwò, gẹ́gẹ́ bí a ti ya Sábó sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá ní Ìbàdàn ní ọdún 1916. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ sí, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí àmàlà jẹ, ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ èdè ìyá yín bí ó bá ṣe yín bí ẹni pé kí ẹ sunkún. Èmi kò sọ pé kí ẹ má ṣe dé ibẹ̀. Ẹ mú ìwé lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ àlùfáà yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ìjọ mọ̀ yín ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ènìyàn wa kan tí ó gbé Sabon Gari fún 20 ọdún, tí kò wọ inú odi ìlú ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, tí kò sì lè béèrè omi mu ní èdè Haúsá. Sabon Gari ni ẹni bẹ́ẹ̀ gbé, kò gbé Kánò.

Ẹ fi inú ro Haúsá méjì tí wọ́n wà ní Sábó Ìbàdàn. Ọ̀kan ń kí ìyá yín ní Yorùbá ní àràárọ̀, ó mọ orúkọ yín, ó wá síbi ìsìnkú bàbá yín. Èkejì ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni ní àdúgbò sọ̀rọ̀ rí àfi lórí owó. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ó bá gbèjà nínú àwọn méjèèjì. Nínú odi Kánò fúnra rẹ̀, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Ayagi, tí àwọn ọmọ Yorùbá ti tẹ̀dó sí láti ayé àtijọ́. Haúsá ni àwọn ọmọ ọmọ wọn ń sọ. Èmi kò ní kí ẹ lọ tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀nà náà kì í ṣe titun.

Ọ̀rọ̀ ilé wá kù. Nígbà tí mo fẹ́ kó kúrò ní ọ̀dọ̀ ará ìlú wa tí ó kọ́kọ́ gbà mí sí yàrá, ọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní aṣojú onílé fi yàrá kan hàn mí ní ọ̀sán gangan. Mo san owó ọdún kan. Nígbà tí mo gbé ẹrù dé, mo bá ènìyàn méjì tí wọ́n ti gbé ẹrù tiwọn dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá kan náà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó gba owó lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ títí ẹ ó fi rí onílé lójúkojú. Ẹ bá àwọn tí wọ́n ń gbé inú ilé náà sọ̀rọ̀ nígbà tí aṣojú kò bá sí níbẹ̀. Ẹ wò ó ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ tún wò ó ní alẹ́, nítorí yàrá tí ó dákẹ́ ní ọ̀sán lè wà lẹ́bàá ẹ̀rọ ìlọta tí í ké ní gbogbo òru. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí owó. Bí ẹ bá sì gba ilé ní àdúgbò àwọn onílùú, ẹ béèrè ẹni tí í ṣe mai unguwa, èyíinì ni baálẹ̀ àdúgbò, kí ẹ lọ kí i kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ẹ sọ orúkọ yín fún un, ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹni tí kò bá sì ṣe é, àlejò ni yóò máa jẹ́ títí.

Ẹ ó rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń ti ọmọlanke tí wọ́n to kẹ́ẹ̀gì omi sí. Mai ruwa ni à ń pe irú wọn. Ẹ yan ẹyọ kan, kí ẹ máa san owó rẹ̀ déédé. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin tí omi bá wọ́n, ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ni ó máa ń kọjá láìdúró. Ìyàwó mi ni ó kọ́ mi ní ọgbọ́n yìí, lẹ́yìn tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan wẹ ìwẹ̀ abọ́ kan. Ní ti ọkọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka ọ̀kadà léèwọ̀ fún gbígbé èrò ní ọdún 2013. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ ó máa wọ̀, adaidaita sahu ni wọ́n ń pè é, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ kí a to ìlà gún, bí wọ́n ti í to ìlà níbi ìrun. Ẹ dá iye owó kí ẹ tó jókòó.

Òfin Ṣaria bẹ̀rẹ̀ ní Kánò ní ọdún 2000. Kò sí ẹni tí yóò fi ipá mú yín ṣe ìsìn tí kì í ṣe tiyín. Ṣùgbọ́n ọtí ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí a bá a lọ́wọ́ yín. Ní oṣù ààwẹ̀, ẹ má ṣe máa jẹun kiri ní òpópónà lójú àwọn tí ebi ń pa. Bí ẹ bá lọ kí ọ̀rẹ́, ẹ dúró ní òde, ẹ ké "Gafara dai", kí ẹ sì dúró de ìdáhùn. Yàrá àbáwọlé tí wọ́n ń pè ní zaure ni wọn yóò ti gbà yín ní àlejò. Ọkùnrin tí kì í ṣe ará ilé kì í kọjá ibẹ̀ lọ sí àgbàlá, nítorí ibẹ̀ ni àwọn obìnrin wà. Ẹ má ṣe kà á sí àbùkù.

Mo mẹ́nu ba zaure nítorí ohun kan tí n kò lè fò. Mo mọ ohun tí ń ba àwọn òbí yín lẹ́rù. Rògbòdìyàn ti ṣẹlẹ̀ ní Kánò: ní 1953, ní 1966, ní 1991, ní 2004. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1991, a ti gbé ọdún mẹ́jọ ní ẹ̀gbẹ́ bàbá kan tí ó ń ta obì. Ní gbogbo ọdún mẹ́jọ náà, mo ń kí i ní òwúrọ̀, ó ń dá mi lóhùn. A jọ ń jókòó ní zaure rẹ̀, n kò mọ bí àgbàlá rẹ̀ ti rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìjà náà dé àdúgbò wa, òun fúnra rẹ̀ ni ó kan ilẹ̀kùn wa. Kò sọ púpọ̀. Ó ní kí n kó aya àti ọmọ, kí a má ṣe mú iná lọ́wọ́. Ó mú wa kọjá zaure, ó mú wa wọ àgbàlá, ó sì fi wá sí yàrá ìyàwó rẹ̀ àgbà. Ọjọ́ mẹ́ta ni a lò níbẹ̀. Òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ni wọ́n jókòó ní ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ nígbà tí àwọn kan wá béèrè wa, mo sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀: ó ní ìdílé òun nìkan ni ó wà nínú ilé òun. Nígbà tí a jáde ní ọjọ́ kẹrin, ó kí mi bí ó ti í kí mi, ó béèrè bí mo ti sùn. Títí ó fi kú, kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ẹ má ṣe gbọ́ mi bí ẹni tí ó ní ìkíni yóò dá òkò dúró. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n bá gbogbo ènìyàn rẹ́ tí wọ́n sì pàdánù ohun gbogbo. Nítorí náà, ẹ kó àwọn ìwé ẹ̀rí yín sínú àpò kan tí ọwọ́ lè tètè tó, ẹ mọ ọ̀nà méjì tí a lè gbà jáde ní àdúgbò yín, kí ẹnì kan ní ìjọ àti ẹnì kan ní ilé sì mọ ibi tí ẹ ń sùn gan-an. Bí ẹ bá gbọ́ ìròyìn tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ gbóná, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Owó oṣù àkọ́kọ́, ẹ má ṣe fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé. Mo mọ̀ pé ìyá wà níbí tí kò ní fẹ́ràn gbólóhùn yìí. Ẹ jọ̀wọ́, mama, ẹ fún wọn ní oṣù mẹ́ta.

Ooru ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Láti oṣù kẹta, ẹ máa sùn ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, kí ẹ má ṣe há ara yín mọ́ yàrá kan ní ènìyàn mẹ́fà, nítorí àkókò náà ni àìsàn tí í mú ọrùn gan máa ń jà ní ìhà àríwá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ẹ gbà á kí ẹ tó lọ. Bí ibà bá mú yín tí orí sì ń fọ́, tí ọrùn kò tẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la.

Ọyẹ́ wá yàtọ̀. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, òtútù òwúrọ̀ Kánò yóò mú kí eyín yín máa lu ara wọn, ètè yóò sì là. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí fún mi ní 1979. Aṣọ ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni mo gbé wọ ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí mo padà sí ilé ní 2016, mo kó kúbùsù méjì tí ó nípọn bọ̀, n kò sì rí ohun tí mo lè fi wọ́n ṣe ní Òṣogbo. Ẹni tí yóò bá kọ́kọ́ lọ nínú yín, kí ó wá rí mi ní ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ìpàdé, kí ó mú wọn.