ÌRAN AKỌNI: BÍ A ṢE LÈ TỌPASẸ̀ ILÉ ÒGÈDÈǸGBÉ

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorínáà kò yẹ kí òkìkí akọni bo ilé tí ó bí i mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa dá lórí títọpasẹ̀ ìran jagunjagun, a ó sì fi Ògèdèǹgbé Agbógungbórò ṣe àpẹẹrẹ, ẹnití ó jẹ́ olórí ogun Èkìtì Parapọ̀ nígbà Ogun Kírìjì, 1877 sí 1893.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì aiyé àtijọ́, jagunjagun ẹlẹ́ṣin a máa gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba, a sì máa sin ọba lójú ogun nítorí rẹ̀. Ọmọ kìí jogún oyè rẹ̀. Ilẹ̀ ni ó ń jogún. Nígbàtí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú, ìránṣẹ́ ọba yíò pe àwọn ará àdúgbò, yíò mú wọn búra, yíò sì bi wọ́n léèrè: Ilẹ̀ wo ni òkú fi sílẹ̀? Ta ni àrólé rẹ̀? Ọmọ ọdún mélòó ni? Nwọ́n kọ ìdáhùn náà sórí awọ, a sì ń kà á títí di òní. Ẹnu àwọn àgbà ni ìwé náà ti jáde. Akọ̀wé ni nwọ́n fi jù wá lọ.

Bí a bá wá dé ọ̀dọ̀ Ògèdèǹgbé, ohun mẹ́ta ni ó lè ṣì wá lọ́nà. Èkíní ni orúkọ. Ìtàn sọ wípé Òrìṣàráyíbí Ògúndámọ́lá ni nwọ́n ń pè é ní Àtòrìn níbi tí a gbé bí i. Ògèdèǹgbé jẹ́ orúkọ ìnagijẹ. Ẹnití ó bá ń wá Ògèdèǹgbé láàrin àwọn baba ńlá rẹ̀ kò ní rí i. Ṣùgbọ́n òrìṣà wà nínú orúkọ kan, Ògún wà nínú èkejì: kí a bèèrè ohun tí ilé náà ń bọ.

Èkejì ni ilà ojú. Nwọ́n sọ wípé àwọn ará Ìbàdàn mú un lẹ́rú, àti wípé láàrin wọn ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ogun. Ní aiyé ìgbà náà, a lè kọ ilà olówó fún ẹrú. Ilà nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹta ni oyè. Ó jẹ Sẹ́ríkí, ó sì jẹ Ọbańlá kí ó tó kú ní 1910. Ṣùgbọ́n akin ni ó gbé e dé ipò wọ̀nyí.

Òṣogbo pàápàá kọ́ wa lọ́gbọ́n yìí. Ilé Atáọ́ja ń tọpasẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nípasẹ̀ Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ. Síbẹ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé dé ti pọ̀ ní ìlú náà. Ẹnití ó bá fi èdè ìgboro wá orísun ilé ọba yíò ṣìnà.

Kíni a ó ha dìmú? Oríkì baba àti ti ìyá, èèwọ̀, ibojì, àti ààlà ilẹ̀ tí aládùúgbò jẹ́rìí sí. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi ohùn ṣọ̀kan, a ti súnmọ́ òtítọ́.

Ẹ̀yin ará, nígbàtí ogun parí, kòkó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, igbó tí ẹnikẹ́ni kò kà sí sì di ohun tí a ń torí rẹ̀ lọ sí kóòtù. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń wá ìtàn wọn kìkì nígbàtí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá dé. Ìtàn tí a wá nítorí ẹjọ́ a máa tẹ̀ sí ibi tí èrè wà. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ nígbàtí kò sí ẹjọ́. Kí olórí ilé kọ̀ọ̀kan pe àwọn àgbà jọ, àti àwọn obìnrin ilé tí oríkì wà lẹ́nu wọn. Bí ìtàn méjì bá takora, kí a kọ méjèèjì sílẹ̀ láì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yíò gbẹ. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí tiwa gbẹ o. Àṣẹ.