Bí Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Bá Ń Fà Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kan Lẹ́yìn Àláìnmẹ́ǹtì
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ alájẹṣẹ́kù sọ níbi ìpàdé wọn)

 

Irúgbìn, ajílẹ̀ àti kòkòrò la sábà máa ń sọ níbí. Ọ̀rọ̀ tòní yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sóko. Àgbẹ̀ tó gbin ẹ̀gẹ́, tó ro ó, tó hú u, tí ẹ̀gẹ́ náà wá jókòó sínú pikọ́ọ̀pù lẹ́bàá ọ̀nà, èrè wo ló jẹ? Ẹ mọ̀ pé láàárín ọjọ́ 2 sí 3 tí a bá ti hú ẹ̀gẹ́, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Tòmátò ò tiẹ̀ ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Ju ti ẹrù lọ, ẹ̀mí èèyàn ń bẹ nínú ọkọ̀ náà.

Kí ni àláìnmẹ́ǹtì? Òun ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí àwọn táyà lè kọjú síbi tó yẹ. Bí ẹsẹ̀ èèyàn kan bá kọjú sí Ìbàdàn, tí èkejì kọjú sí Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé onítọ̀hún á lè rìn dáadáa? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀. Bí wọ́n bá fi ìwàǹwára ṣe iṣẹ́ yìí, ọkọ̀ tó lọ ní àlàáfíà lè bọ̀ pẹ̀lú àìsàn.

Àwọn àmì tí ẹ ó rí

1. Ọ̀nà gún, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń fà sápá òsì tàbí ọ̀tún.
2. Ọkọ̀ ń lọ tààrà, ṣùgbọ́n sítíárìn fúnra rẹ̀ wọ́.
3. Lẹ́yìn kọ́nà, sítíárìn ò fẹ́ padà sáàárín.
4. Táyà iwájú ń fá. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti inú bọ̀ síta, kí ẹ tún rà á láti ìta wọlé. Bí apá kan bá ń dán, tí èkejì ń ha yín lọ́wọ́ bí ayùn, ìkọjúsí táyà yẹn ò tọ́.

Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n kìkì nígbà tí eré bá pọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé báláǹsì táyà ló ń fẹ́. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àláìnmẹ́ǹtì àti báláǹsì. Ṣùgbọ́n bí sítíárìn bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tí ẹ yí i díẹ̀ tí táyà ò dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di ẹrù sí i mọ́. Ó lè jẹ́ pé wọn ò dé nọ́ọ̀tì tó ń di rọ́ọ̀dù sítíárìn mú. Bí ó bá tú lójú ọ̀nà, awakọ̀ ò ní ohun tó lè ṣe mọ́.

Ohun tí ẹ lè yẹ̀ wò nílé

Èkíní, afẹ́fẹ́ táyà. Àárọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ tó rìn rárá, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà tó yẹ wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Táyà iwájú méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Afẹ́fẹ́ tó dín lápá kan nìkan tó láti fa ọkọ̀.

Èkejì, ẹ pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì, kí ti òsì lọ sí ọ̀tún. Bí ọkọ̀ bá wá ń fà sí òdìkejì, táyà ló lẹ́bi. Bí kò bá yí padà, ẹ wá a níbòmíì. (Bí àmì ọfà bá wà lára táyà, ẹ má ṣe èyí.)

Ẹ̀kẹta, bréèkì. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ríìmù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí apá kan bá gbóná ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bréèkì ló ń di táyà yẹn mú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí sítíárìn gún. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àárín ojú táyà iwájú méjèèjì, níwájú, ní ìwọ̀n gíga àárín táyà. Ẹ wọn àmì kan sí èkejì. Ẹ ti ọkọ̀ síwájú títí àmì yóò fi dé ẹ̀yìn, ní gíga kan náà, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Mìlímítà díẹ̀ ló yẹ kó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì. Bó bá ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, ẹ dá ọkọ̀ padà.

Bí ẹ bá padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́

Ẹ má lọ jà. Ẹ mú awakọ̀ dání, ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti orí rọ́ọ̀dù wò. Bí àwọn yìí bá ti jẹ, àláìnmẹ́ǹtì ò lè dúró. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí wọ́n di sítíárìn mú ní gígún kí wọ́n tó ṣe é, kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ìṣáájú àti ti ìgbẹ̀yìn, kí ẹ sì wa ọkọ̀ wò kí ẹ tó sanwó.

Ohun 2 wà tí ẹ ò gbọdọ̀ gbà. Ìkíní ni kí wọ́n yọ sítíárìn lórí ọ̀pá rẹ̀ kí wọ́n tún un tò kó lè dà bí pé ó gún. Ìbòjú lásán ni. Àìsàn náà ṣì wà nísàlẹ̀. Ìkejì ni kí wọ́n fi iná yọ́ rọ́ọ̀dù kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́. Irin tí iná ti bà jẹ́ lè dá nígbà tí ẹ ò retí.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹgbẹ́. Ọjọ́ ọjà ni wàhálà máa ń dé. Awakọ̀ á ní ọkọ̀ ń fà, àwọn ará ilé á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é, ẹrù á ti wà nílẹ̀, oníbàárà á ti ń retí. Ẹ jẹ́ ká pinnu rẹ̀ lónìí, nígbà tí ojú tutù, pé bí awakọ̀ bá ní sítíárìn ò dára, ọkọ̀ ò ní jáde títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ láti fi háyà ọkọ̀ míì lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́. Owó háyà á dunni, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tó bàjẹ́, a lè gbin òmíràn. Ẹni tó wà lórí ẹrù ńkọ́?

 Bí ìbéèrè bá wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú wa tó ń wá sábúlé yín. Ire oko á jẹ́ tiwa o.