Ohun tí Búráúsà Ń Sọ fún Sáfà

Báwo ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú ìwé ránṣẹ́ sí wa, ṣe ń mọ irú ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wa?

Kò rí wa. Ohun tí búráúsà, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí ojú ìwé, bá sọ ló ń gbọ́. Bí àlejò ṣe ń ké àgò, tó sì ń dárúkọ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni búráúsà ń fi ìlà kan tí wọ́n ń pè ní User-Agent ránṣẹ́ pẹ̀lú ohun tó ń béèrè. Orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó gbé e máa ń wà níbẹ̀.

Irọ́ ti wọ ìlà yìí tipẹ́. Netscape, búráúsà kan tó jáde ní 1994, ń pe ara rẹ̀ ní Mozilla. Nígbà tó mọ bí a ti ń pín ojú ìwé sí abala-abala, àwọn oní-wẹ́bùsáìtì pàṣẹ fún sáfà wọn pé Mozilla nìkan ni kó máa fún ní èyí tó dáa. Ni Internet Explorer, búráúsà mìíràn, bá sọ pé Mozilla lòun náà. Chrome dé ní 2008, ó kó orúkọ àwọn tó ṣáájú pọ̀ mọ́ tirẹ̀, títí dòní, “Mozilla/5.0” ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ti Opera ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù: nígbà tó dé ẹ̀dà 10 ní 2009, àwọn wẹ́bùsáìtì kan ka 1 nìkan, wọ́n rò pé ògbólógbòó ni. Opera fi 9.80 síwájú, ó fi 10 pamọ́ sẹ́yìn.

Ẹ má rò pé mo ń bú àwọn tó ń wo orúkọ. Nígbà tí fóònù kéékèèké pọ̀, àkójọ ìsọfúnni fóònù bíi WURFL, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, wúlò gan-an: sáfà á wo orúkọ fóònù, á sì rí bí ojú rẹ̀ ti fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n sáfà Opera fúnra rẹ̀ ló ń lọ gba ojú ìwé fún ẹni tó ń lo Opera Mini, tí ọ̀pọ̀ wa lò ní Nàìjíríà, á fún un pọ̀ kó tó dé fóònù. Nítorí náà, sáfà wẹ́bùsáìtì kì í rí fóònù náà tààrà; ìlà ọ̀tọ̀ ni Opera ní láti fi gbé orúkọ rẹ̀ gan-an lọ.

Ní tèmi, kí a bi búráúsà léèrè ohun tó lè ṣe ló sàn. Nínú ìlà mìíràn tó ń jẹ́ Accept, ó lè sọ pé òun mọ àwòrán WebP. Ẹni tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, kí sáfà fún un ní JPEG. Orúkọ inú User-Agent ti ń ṣófo báyìí: lórí Android, “Android 10; K” ni Chrome ń sọ, fóònù yòówù kó jẹ́. Sáfà tó bá fẹ́ mọ̀ sí i ní láti fi ìlà tirẹ̀, Accept-CH, béèrè. Firefox kì í dáhùn ìbéèrè yẹn rárá, nítorí náà sáfà ní láti ní ojú ìwé kan nílẹ̀ fún ẹni tó bá dákẹ́.