Òtẹ́ẹ̀lì Orí Òkè Mọ́kọ́lá



Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ kò jẹ́ kí òtútù London gba èdè lẹ́nu ọmọ yín, ẹ ní kí n sọ ipò tí Òtẹ́ẹ̀lì Premier wà láàrin ará Ìbàdàn. Ní 1966 ni wọ́n ṣí i lórí òkè Mọ́kọ́lá, níbi tí ojú ti ń rí Ìbàdàn, ìlú Olúyọ̀lé, lọ salalu. Nígbà tí wọ́n sì pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó ní 1976, ilé-iṣẹ́ Odù'a ni wọ́n fi í lé lọ́wọ́ fún gbogbo wa.

Bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó lọ́nà Ìdí-Ayùnrẹ́, kò sùn níbẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí mo mú un gun òkè náà, ó fọwọ́ kan ògiri, ó ní, "Kòkó wa nìyí." Òótọ́ ni, nítorí ìgbìmọ̀ tí ó ń rí sí títa kòkó nígbà náà kì í san gbogbo iye tí ọjà òkèèrè mú wá fún àgbẹ̀, lára ìyókù ni ìjọba ti rí agbára tí ó fi ń kọ́lé.

Àwọn kan wà níwájú mi yìí tí wọ́n dìde níjọ́sí pé kí á ta òtẹ́ẹ̀lì náà, kí olówó wó o, kí ó kọ́ tuntun. Mo dá wọn lóhùn nígbà náà, n ó tún dá wọn lóhùn. Láti 1889 ni òtẹ́ẹ̀lì Savoy ti wà nílùú London yìí, wọn kò wó o, ẹ̀yin náà sì ń wọ aṣọ ńlá lọ ya àwòrán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti baba yín, ẹ ní ó ti gbó! Ẹ kọ́lé sí Bódìjà n'Ìbàdàn, ẹ kọ́ sí Challenge, kò sí ẹni tí ń gbé inú wọn, ọmọ yín kò sì mọ ọ̀nà Mọ́kọ́lá. Ta ni yóò fi hàn wọ́n? Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Àwòrán ìgbéyàwó tí ẹ ṣe lórí òkè náà ń jẹrà nínú àpótí yín. Ẹ kó wọn jáde, kí àwọn ọmọ yín rí wọn! Kí akọ̀wé gbé ìwé yípo kí oúnjẹ tó dé: kí olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀ pé òun yóò mú àwòrán tòun wá, àti pé òun yóò mú ọmọ òun gun òkè náà lóṣù Ọ̀pẹ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ọ́, kí ó dìde, kí ó sọ ìdí rẹ̀ lójú gbogbo wa.