Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí RAM Kọ̀ǹpútà Alágbèéká

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí bá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá wí, ẹni tí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ń wọ́ bí ìgbín. Owó tí yóò fi tẹ iṣẹ́ náà ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀; wọ́n sì ti sọ fún un pé kí ó lọ fi ra RAM kún ti inú ẹ̀rọ rẹ̀. Kí ó tó náwó náà, ó yẹ kí ó mọ àrùn kí ó tó ra oògùn.

RAM dà bí tábìlì ìkọ̀wé, hard disk sì dà bí àpótí ìwé. Bí iná bá lọ, ohun tí ó wà lórí tábìlì a pòórá, ṣùgbọ́n èyí tí a ti tọ́jú sínú àpótí kò ní í sọnù. Nítorí náà, RAM púpọ̀ kò fi ààyè kún ibi ìtọ́jú ìwé. Ṣùgbọ́n bí tábìlì bá kún, kọ̀ǹpútà a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù lọ, gbé ẹrù bọ̀ láàrin tábìlì àti àpótí. Èyí ni ó máa ń mú un falẹ̀.

Bí Windows ni ó ń lò, kí ó ṣí gbogbo iṣẹ́ tí ó máa ń ṣe, kí ó wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ó sì wo Memory nínú Task Manager. Bí ó bá ń kọjá 90 nínú 100 lemọ́lemọ́, àìtó RAM ni. Bí ààyè bá ṣẹ́kù dáadáa, RAM tuntun kò ní í ṣe é lóore. Ó lè jẹ́ pé hard disk àtijọ́ tí ń yí ni ó ń fà á sẹ́yìn, SSD sì ni oògùn rẹ̀.

4 GB ni ó kéré jù tí Microsoft là sílẹ̀ fún Windows 11 ní ọdún 2021. Síbẹ̀, fún ìwé kíkọ pẹ̀lú ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì bíi mélòó kan, 8 GB ni ó tuni lára. Ẹni tí ń to fídíò pọ̀ ni 16 GB yẹ.

Ohun mìíràn tún wà. Nínú àwọn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan, ńṣe ni wọ́n jó RAM mọ́ pátákó, kò ṣe é pààrọ̀. DDR3 kò sì wọ ihò DDR4, bẹ́ẹ̀ ni DDR4 kò wọ ti DDR5. Bí ẹ̀rọ náà kò bá lè gba Windows 11, kí ó rántí pé Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí à ń náwó gọbọi lé lórí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá yẹ gbogbo èyí wò lè rí i pé pípa ojú ewé mẹ́wàá dé ti tó, kí ó sì fi owó rẹ̀ tẹ ìwé.