Ọdún Tí Ìnfúlúẹ́ńsà Pòórá ní Gúúsù Ayé

Ìnfúlúẹ́ńsà, ìyẹn ọ̀fìnkìn líle tí ó máa ń fa ibà, ikọ́ àti ara ríro, ní àkókò tirẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ní Ọsirélíà, Chile àti Gúúsù Áfíríkà, tí òtútù máa ń mú jù ní oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, àárín ọdún ni ó máa ń gbilẹ̀. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìparí ọdún wọ ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí ó tẹ̀ lé e ni. Ṣùgbọ́n ní àwọn ilẹ̀ olóoru tí ó sún mọ́ agbedeméjì ayé, tí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà lára wọn, kò sí ìgbà kan pàtó tí kò lè jà. Ojú ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìdí rẹ̀, àmọ́ ọdún 2020 fi hàn pé ìrìn-àjò ọmọ ènìyàn ní ipa tí ó tóbi nínú ọ̀rọ̀ náà.

Bí wọ́n ṣe ń ka àrùn yìí ni pé òṣìṣẹ́ ìlera a ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ rọ̀ bọ ihò imú aláìsàn títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀fun, a rọra yí i, a sì kó o sínú ìgò kékeré lọ sí yàrá àyẹ̀wò, níbi tí wọn yóò ti wo iye tí ó ní kòkòrò náà nínú gbogbo èyí tí wọ́n gbà. Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Keje ọdún 2017, 2018 àti 2019, Ọsirélíà, Chile àti Gúúsù Áfíríkà ṣe àyẹ̀wò 178,690, wọ́n sì bá ìnfúlúẹ́ńsà nínú 24,512. Ní àwọn oṣù kan náà ní 2020, tí àjàkálẹ̀-àrùn Kòrónà ti gba gbogbo ayé kan, wọ́n ṣe àyẹ̀wò 83,307, 51 péré ni wọ́n sì ti rí i: 33 ní Ọsirélíà, 12 ní Chile, 6 ní Gúúsù Áfíríkà. Kò sì ṣeé sọ pé wọn kò wá a ni wọn kò fi rí i, nítorí pé àyẹ̀wò ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kò tó 60,000 lọ́dún bí a bá pín in dọ́gba.

Ìbòmú, títi ilé ìwé àti jíjìnnà síra ẹni ṣe gudugudu méje níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọsirélíà ti ẹnubodè rẹ̀ pa mọ́ àwọn àlejò ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí kan náà kò pa Kòrónà run. Ìdí rẹ̀ ni pé, ní àkókò rẹ̀, ẹni kan tí ó ní ìnfúlúẹ́ńsà kì í sábà kó o ran ju ẹni kan àti díẹ̀ lọ, nígbà tí Kòrónà ní ìbẹ̀rẹ̀ ń ran ẹni méjì sí mẹ́ta. Àrùn tí agbára ìrànkálẹ̀ rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀, tí ara ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti mọ̀ dáadáa, kò ní pẹ́ kú bí ọ̀nà rẹ̀ bá há.

Kò kú pátápátá ṣá. Ọsirélíà, tí ó ka aláìsàn tí ó lé ní 300,000 ní 2019, kò rí tó 1,000 ní 2021. Nígbà tí ó tún ṣí ẹnubodè fún àlejò ní oṣù Kejì ọdún 2022, àrùn náà bá àwọn arìnrìn-àjò wọlé, ó tètè dé ju bí ó ti máa ń ṣe lọ, iye àwọn tí ó mú sì lé ní 200,000 kí ọdún náà tó parí. Kòkòrò náà kò ṣàì ríbi forí pamọ́ sí, nítorí pé ní gbogbo àsìkò tí òtútù gúúsù kò fi mú un wá, ó ń ràn kiri ní àwọn ibì kan ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ní Bangladesh àti ní Cambodia.

Ẹ̀yà kan nínú rẹ̀ ni kò padà. Ìnfúlúẹ́ńsà irú B ní ìdílé méjì, Victoria àti Yamagata, Yamagata sì ti ń ṣọ̀wọ́n kí Kòrónà tó dé. Láti oṣù Kẹta ọdún 2020, kò sí yàrá àyẹ̀wò kankan tí ó tíì rí i tí wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní àkókò òtútù 2024 sí 2025, gbogbo abẹ́rẹ́ ìnfúlúẹ́ńsà tí wọ́n lò ní Amẹ́ríkà, tí ó ti máa ń gbógun ti ẹ̀yà mẹ́rin, ti di ti ẹ̀yà mẹ́ta.