Ẹnu Ajá Kékeré Tó Wà Nílé Yín

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Ìgbàyè

  

Mo mọ̀ pé nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ ní kí oníwèé-ìròyìn wá sọ̀rọ̀, òṣèlú ni ọ̀pọ̀ yín ń retí. Ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá. Eyín ajá, ká kúkú là á mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán ká máa bọ́rọ̀ lọ.

Nígbà tí a wà nílé-ìwé, ajá tí a mọ̀ ní Ìgbàyè, Ìnísà, Òkukù títí dé Ìkìrun, ajá ìbílẹ̀ wa ni: ajá ọdẹ, ajá tí ń ṣọ́lé, ẹnu gígùn, ẹsẹ̀ gígùn, tí gbogbo wọn ń jẹ́ Bíńgò. Ẹ wá wo ilé àwọn òbí wa lónìí. Àwa ọmọ tí a wà nílùú ńlá ti ń gbé ajá kékeré onírun gígùn wá sílé fún màmá àti bàbá, kó lè máa bá wọn gbélé. Èyí tí wọ́n ń pè ní Lhasa wọ́pọ̀ nínú wọn. Ilẹ̀ Tibet, lórí òkè olótùútù, ni irú rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ooru Ọ̀ṣun ń fojú rẹ̀ rí màbo, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀ tòní.

A gbé ajá fún wọn, a fowó oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, a ò sọ fún wọn pé ẹnu rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú. Tó bá di ọdún kẹta, ìkẹrin, màmá á pè lórí fóònù: "Ajá yín yìí ń rùn lẹ́nu o. Oúnjẹ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀." Ọmọ á dáhùn pé, "Màmá, bẹ́ẹ̀ lẹnu ajá ṣe ń rí." Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹnu ajá kì í ta sánsán bí òdòdó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu ajá tí ara rẹ̀ dá kì í rùn débi tí ènìyàn á fi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá ń rùn bẹ́ẹ̀, nǹkan ń bàjẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Eyín 42 ló wà lẹ́nu ajá tó ti dàgbà. Tiwa jẹ́ 32. Ajá ọdẹ tó ga dé orúnkún yín, 42. Lhasa tí ẹ lè gbé sí abíyá, 42 náà ni. Ẹ rántí kíláàsì wa: ẹ kó àga 42 síbẹ̀, ènìyàn á ráyè kọjá. Ẹ wá kó àga kan náà sínú yàrá tí olùkọ́ ń kó ṣọ́ọ̀kì sí. Wọ́n á gun ara wọn, ìdọ̀tí á sá sí abẹ́ wọn, ìgbálẹ̀ ò ní débẹ̀. Bí ẹnu ajá kékeré ṣe rí gan-an nìyẹn.

Bí ajá bá ti jẹun, nǹkan kan tó ń yọ̀ bí omi ilá á bo eyín rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí ló kún inú rẹ̀. Tí a bá nù ún lọ́jọ́ náà, ó tán. Tí a bá fi sílẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, itọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di líle, á gan bí òkúta, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Nígbà yẹn, búrọ́ṣì ò lè ṣí i mọ́. Òkúta yìí á máa ti ẹran ìdí eyín sẹ́yìn, ibẹ̀ á wú, á ṣẹ̀jẹ̀, á kún fún ọyún, àrùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ egungun tó mú eyín dúró. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ ajá kékeré kò nípọn. Àwọn dókítà ẹranko mọ̀ ọ́n dáadáa pé bí àrùn bá jẹ ẹ́ tán, ó lè dá níbi tí ajá ti ń rún oúnjẹ lásán.

Ajá ò sì ní ké. Á máa fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun, á máa kọ̀ kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, màmá á ní ọjọ́ orí ló ń dà á láàmú.

Ẹnìkan máa ní, "Ajá ọdẹ bàbá mi ò fọ ẹnu rí." Òótọ́ ni. Ẹnu ajá ọdẹ gùn, ààyè wà láàárín eyín rẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, àbí ta ló la ẹnu ajá ọdẹ wò rí nínú wa?

Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, tí ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Ọmọ ajá lè gbà á láti oṣù mẹ́ta, àtúngún sì wà fún un lọ́dọọdún. Dìgbòlugi wà nílẹ̀ wa, inú itọ́ ajá ló ń gbé, tí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ lára ènìyàn, agbára káká lẹni náà fi lè yè é. Bí ajá bá bù yín jẹ, kódà ajá ilé, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ọsìbítù lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi epo pa á, ẹ má fi ewé dí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fọ ẹnu. Ọmọ Yorùbá kì í kí àgbà láàárọ̀ láìfọ ẹnu, ṣùgbọ́n ajá ò lè run orín. Ẹ má sì fún un ní pákò pé kó máa jẹ. Igi máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, á há sáàárín eyín tàbí kó gún un lọ́fun. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ kàn jókòó tì í lórí ẹní, ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ yìn ín, ó tó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wé aṣọ rírọ̀ tó mọ́ mọ́ ìka, ẹ rì í bọ omi, ẹ fi ra ẹ̀gbẹ́ ìta eyín. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nítorí ẹ̀gbẹ́ inú, ahọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ibi tó ṣe pàtàkì jù ni àwọn eyín ńlá òkè tó wà lẹ́yìn, lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́; ibẹ̀ ni òkúta ti ń tètè kó jọ. Bó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ lo búrọ́ṣì rírọ̀ ti ọmọdé, kí irun rẹ̀ dà sí ibi tí eyín ti yọ lára ẹran. Ojoojúmọ́ ni, tàbí ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ kan láàárín. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ò tó. Bẹ́ẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fún un lẹ́ran bíńtín, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà. Májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ajá.

Ọṣẹ ìfọyín tiwa, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Macleans bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ló wà lára páálí rẹ̀, ẹ má fi kan ajá lẹ́nu. Ajá ò mọ bí wọ́n ṣe ń tutọ́ dànù, gbogbo rẹ̀ ló máa gbé mì. Fluoride inú rẹ̀ ò dáa fún un. Èyí tó tún burú jù ni àwọn tí wọ́n fi xylitol dùn: ó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ láàárín wákàtí kan, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa pa ajá kékeré. Ọṣẹ ìfọyín ti ajá wà lọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹranko nílùú ńlá. Tí ẹ ò bá rí i rà, omi lásán tó. Rírà yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Iyọ̀, kán-ún, ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ilé ìdáná.

Eegun ọbẹ̀ ọjọ́ Sunday ńkọ́? Eegun adìyẹ tí a ti sè ń fọ́ ṣóṣóró, ti ewúrẹ́ sì lè la eyín sí méjì. Ohunkóhun tí èékánná yín kò bá lè tẹ̀ wọlé díẹ̀, ó le jù fún eyín ajá.

Ẹ̀yin tí ọmọ ajá wà lọ́wọ́ yín, ẹ máa yẹ ẹnu rẹ̀ wò láti oṣù kẹrin títí dé ìkeje. Eyín ọmọdé rẹ̀ 28 yẹ kó bọ́ lásìkò yẹn. Nínú ajá kékeré, òmíràn máa ń kọ̀, tí tuntun á wá hù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí méjì níbi tó yẹ kí ẹyọ kan wà, dókítà ló máa yọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin àti okùn.

Ajá tí ẹnu rẹ̀ ti ń rùn, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ẹ gbé e lọ. Oògùn oorun ni wọ́n máa fún un kí wọ́n tó ha òkúta náà kúrò, títí dé abẹ́ ẹran. Ẹni tó bá ní òun á di ajá mú lójúfò kóun fi irin ha á, ojú eyín lásán ló ń dán, àrùn wà nísàlẹ̀. Ilé-ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní Yunifásítì Ìlọrin. Láti Ìgbàyè, Ìlọrin ló sún mọ́ wa jù, ẹ gba ọ̀nà Ọ̀fà. Ẹ pè wọ́n ṣáájú kí ẹ lè mọ ìgbà tó yẹ kí ajá ti jẹun kẹ́yìn, kí ẹ sì mú káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ dání.